Lẹ́tà sí Bàbá Fisher ní itẹ́ òkú Hampstead, London

Bàbá Fisher, ẹ kú ilé o. Ẹ ò mọ̀ mí. Bọ́ọ̀sì ló já mi kulẹ̀ láàárọ̀ àná tí mo fi gba inú itẹ́ òkú yẹn kọjá, bí mo ṣe rí orúkọ yín, Andrew Fisher, lára òkúta nìyẹn, mo gbé fóònù jáde, mo kàtàn yín títí mo fi fẹ́ẹ̀ pẹ́ dé ibiṣẹ́.

Ọmọ tó ń wa èédú ní Scotland láti kékeré, tó wọkọ̀ ojú omi lọ Queensland lọ́dún 1885, tó wá di olórí ìjọba Australia lẹ́ẹ̀mẹta! Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bàbá yìí náà jápa. Pọ́n-ùn 5 tẹ́ ẹ ní kí wọ́n máa fún ìyá ọlọ́mọ tuntun lọ́dún 1912, ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ kí ló dé tí wọn ò fún àwọn obìnrin Aborigine tó jẹ́ onílẹ̀ gan-an? Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ ní Colac, ìlú kan ní Australia, ló há mi lọ́fun. July 1914, ìbò lẹ ń wá, ẹ ní ẹ máa ti Britain lẹ́yìn dórí ọkùnrin tó kẹ́yìn àti ṣílè tó kẹ́yìn. Ọkùnrin ilé ta ni, bàbá? Ẹ̀yin kọ́ lẹ lọ jà ní Gallipoli ní Turkey nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọmọ ọlọ́mọ ní Australia tó lé ní ẹgbẹ̀rún 60 ló bá gbogbo ogun yẹn lọ, ẹ̀yin ti fipò sílẹ̀ ní October 1915, ẹ wá ń ṣe aṣojú Australia ní London ńbí. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn máa ń jí yín lóru? Àbí ẹ ti gbàgbé ẹ̀, torí wọ́n ní kẹ́ ẹ tó kú ní 1928, iyè yín ti rá.

Dádì mi náà nìyẹn, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún méjì péré ni mo ní màá lò, ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́ ní éápọ́ọ̀tù, ọdún kẹsàn-án rèé. Bàbá oníbàbá ni mò ń wẹ̀ fún níbí, àwọn ni mò ń fi ṣíbí bọ́, mo wá ń fowó ránṣẹ́ sílé kẹ́lòmíì lè máa bá mi wẹ tèmi, ṣílè tó kẹ́yìn lóòótọ́ ni o, bàbá. Lọ́jọ́ Sunday a ṣe vídíò kọ́ọ̀lù, Dádì wò mí títí, wọ́n ní kí àbúrò mi gbé fóònù súnmọ́ wọn dáadáa, wọ́n wá rẹ́rìn-ín sí mi.

Wọ́n ní, "Ẹ ṣé gan-an mà. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé yín."