Yí Ojú Fíláàṣì Kúrò Lára Àwọn Ìbejì

Bódìjà, Ìbàdàn.
Oṣù Kejìlá.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù o, o kú ìtọ́jú ọmọ. Baba wọn ńkọ́? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí, àfi ọyẹ́ tó ti bó wa létè.

Mo rí àwọn fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Àwọn ọmọ náà rẹwà, ṣùgbọ́n fíláàṣì yẹn kò ṣe wọ́n dáadáa. Funfun báláú wà níwájú orí Táíwò, ojú Kẹ́hìndé pọ́n, ògiri ẹ̀yìn wọn sì ṣókùnkùn biribiri. O ní bóyá kámẹ́rà náà ni kò dára. Kámẹ́rà kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ gbà dé ara wọn ni. Ojú tó pọ́n yẹn gan-an, nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀, ihò dúdú àárín ẹyinjú ọmọ máa ń là sílẹ̀ gan-an. Fíláàṣì tó kọjú sí i tààrà, tó sì wà nítòsí lẹ́ǹsì, á wọlé lọ bá ẹ̀yìn ojú níbi tí ẹ̀jẹ̀ wà, á sì padà sínú lẹ́ǹsì ní pípọ́n.

Wo orí fíláàṣì tí o rà. Ó ń yí. Ó lè wòkè, ó lè wo ẹ̀gbẹ́, bóyá ó tilẹ̀ lè wo ẹ̀yìn. Torí èyí ni o ṣe sanwó lé e. Yí i kúrò lára àwọn ọmọ, kí o kọjú rẹ̀ sí ògiri funfun. Ìmọ́lẹ̀ á lọ bá ògiri, á tàn ká orí rẹ̀, ògiri náà ni yóò wá máa tanná sí wọn. Ojú fíláàṣì kò tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà, ṣùgbọ́n ibi tó mọ́lẹ̀ lára ògiri lè fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ, bí ìmọ́lẹ̀ bá sì ṣe fẹ̀ tó ni òjìji rẹ̀ ṣe ń rọ̀ tó. O mọ bí ojú èèyàn ṣe máa ń tutù lójú lọ́jọ́ tí ìkúukùu bo oòrùn. Ohun kan náà ni.

Àwọ̀ tiwa ló sì ń jàǹfààní rẹ̀ jù. Awọ dúdú ń dán. Ìmọ́lẹ̀ kékeré tó le á fi àpá funfun kan sílẹ̀ níwájú orí àti lórí imú, ibi yòókù á di òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ á tẹ́ dídán yẹn ká ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n, wàá sì rí bí ojú ọmọ ṣe rí gan-an. Inú máa ń bí mi tí wọ́n bá ní awọ dúdú ṣòroó yà. Kò ṣòro rárá, ìmọ́lẹ̀ ni wọn kò fẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí o kọjú fíláàṣì sí àjà. Kò burú, pàápàá tí àjà ilé yín bá funfun tí kò sì ga jù. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í gbójú sókè. Ohun ìṣeré ni wọ́n ń wò nílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti òkè bọ̀ á fi òjìji sí abẹ́ ìpéǹpéjú wọn, ojú á wá dà bíi pé ó jìn wọnú. Ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ, lápá òsì tàbí ọ̀tún, ni mo fẹ́ràn. Jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú wọn, yí orí fíláàṣì gba orí èjìká rẹ kọjá, wàá sì rí ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ń tàn nínú ẹyinjú wọn. Fọ́tò tí kò bá ní ìyẹn, ojú inú rẹ̀ kú.

Àwọ̀ ògiri ńkọ́? Ohun tó bá kun ògiri náà ló máa kun ọmọ. Pálọ̀ aláwọ̀ ewé pọ̀ níbí, àwọn ọmọ inú rẹ̀ a sì máa jáde ní àwọ̀ ewé. Tí tiyín bá ní àwọ̀, ta aṣọ ìbùsùn funfun kan sára ilẹ̀kùn, kí o kọjú fíláàṣì sí i.

Fi kámẹ́rà sí M, níbi tí ìwọ fúnra rẹ ti ń yan ohun gbogbo, ìyára rẹ̀ sí 1/160 ìṣẹ́jú àáyá, ojú lẹ́ǹsì sí f/4, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí) sí 800, kí fíláàṣì wà lórí TTL, níbi tí kámẹ́rà ti ń bá ọ wọn iye ìmọ́lẹ̀ tí fíláàṣì máa tàn. Má bẹ̀rù ISO 800 yẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó kọ́kọ́ lọ sí ògiri kó tó padà wá máa ń rẹ̀ lójú ọ̀nà: tí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló ń ṣẹ́kù, ògiri á tún gbé díẹ̀ mì. Má kọjá 1/200, kí ìlà dúdú má baà gba ẹ̀gbẹ́ fọ́tò. Tí wọ́n bá wọ aṣọ funfun, TTL á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, á dín in kù, ojú wọn á ṣókùnkùn; fi +1 sí i lórí fíláàṣì, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po méjì.

Wọn ì báà máa fò, àsìkò tí fíláàṣì fi ń tàn kì í sábà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, á dá wọn dúró. Tí wọn ò bá sì gbà láti jókòó, ẹ̀wà ni kí o gbé síwájú wọn, ìwọ náà kúkú mọ̀ wọ́n. Má ra ike funfun tí wọ́n ń fi dé orí fíláàṣì. Nínú ilé, ó tún ń da ìmọ́lẹ̀ tààrà padà sójú ọmọ. Páálí dúdú kékeré kan tí o fi rọ́bà so mọ́ ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí wọn sàn jù ú lọ.

Agogo mẹ́rin ni ilẹ̀ ń ṣú ní Leeds lọ́dọ̀ yín, ní England, báyìí, nítorí náà má dúró de oòrùn. Màmá kò jẹ́ kí n gbádùn, fọ́tò ni, fọ́tò ni. Ya ọ̀kan tí gbogbo ara wọn hàn, ọwọ́ lórí orúnkún, kí wọ́n má baà bi mí pé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ dà. Fi fáìlì náà gan-an ránṣẹ́ nípasẹ̀ ímeèlì, torí WhatsApp máa ń fún un pọ̀. Èmi ni n ó tẹ̀ ẹ́, n ó sì fi sínú férémù. Ṣé 10 × 12 ínǹṣì ni kí n ṣe, àbí 16 × 20? Ògiri pálọ̀ Màmá gba ńlá.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré.