Ìkéde: Ẹ̀kọ́ Ààbò Wẹ́ẹ̀bù Lédè Yorùbá, Sátidé Yìí

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa l'Ákùúrẹ́, ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́.

A ti túmọ̀ ẹ̀kọ́ SQL injection inú WebGoat tán: bí olè ṣe ń ti àṣẹ tirẹ̀ bọ inú SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì (ibi tí wẹ́ẹ̀bù ń kó ìsọfúnni sí) sọ̀rọ̀. WebGoat jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí OWASP, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ààbò wẹ́ẹ̀bù, mọ̀ọ́mọ̀ fi àléébù sí, kí èèyàn lè fi kọ́ṣẹ́. Sátidé yìí, aago 10 àárọ̀, la ó jọ ṣe é ní yàrá ìpàdé wa ní Alágbàká.

Ẹ gbé láàpútọ́ọ̀pù wá, kí bátìrì kún. Ẹ ti fi Java, ètò tí WebGoat nílò kó tó lè ṣiṣẹ́, sí i láti ilé; WebGoat wà lórí fílàṣì lọ́wọ́ mi. A ó pa íntánẹ́ẹ̀tì kí a tó tan án, torí ó ń ṣílẹ̀kùn kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún olè.

Nínú fọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀, ẹ ó tẹ ' OR '1'='1. “Tàbí” ni OR; nítorí pé 1 àti 1 kò lè ṣàìdọ́gba, dátábéèsì á da orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ síta. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ara mi bù máṣọ: bẹ́ẹ̀ gan-an ni fọ́ọ̀mù tí mo kọ fún oníbàárà kan ṣe ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó kọ́ prepared statement, tó ń ya ohun tí èèyàn tẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àṣẹ. Ibẹ̀ ló jẹ mí lógún jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dán an wò lórí wẹ́ẹ̀bù oníwẹ́ẹ̀bù. Òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn íntánẹ́ẹ̀tì kò gbà á.

“Àṣẹ àfibọ̀” la pe injection; ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dùn jù ú lọ, kó mú un wá. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ níbí kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Akọ̀wé yín.