Òróró tó ń bá èèpo ọsàn lọ sórí ààtàn

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ní kí ìjọba ra ẹ̀rọ ńlá tí yóò máa fi iná sọ ìdọ̀tí èso di epo ọkọ̀. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ibi tó le jù ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀; òróró inú èèpo ọsàn ló yẹ kí a kọ́kọ́ gbà.

Bí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: bí a bá kó èèpo èso sínú àgbá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, tí a sì dáná sí i nídìí títí ooru inú rẹ̀ fi tó ìwọ̀n 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò ní jóná di eérú. Yóò di èédú, gáàsì àti omi dúdú kan tó ń rùn bí èéfín. Omi dúdú yìí ni wọ́n ń pè ní epo, àmọ́ ó kan, omi pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì máa ń jẹ irin, nítorí náà kò ṣeé dà sínú ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé a tún un ṣe, owó àtúnṣe náà kì í sì í ṣe kékeré. Èèpo tútù tún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ dáadáa, ẹni tó bá sì ti sá nǹkan sóòrùn rí ní Ìbàdàn nígbà òjò mọ ohun tí mo ń wí.

Àwọn tó ń ta ọsàn lójú títì kì í bó o dé inú. Ńṣe ni wọ́n ń fá awọ òkè rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Inú awọ fẹ́lẹ́ yìí gan-an ni òróró wà: òun ló máa ń ta síni lójú, òun náà ló sì ń mú kí iná kọ yẹ̀rì nígbà tí ọmọdé bá fún èèpo sẹ́nu àbẹ́là. Bí wọ́n ṣe ń pọn ògógóró nílẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ni a ṣe lè gbà á: kí a se èèpo pẹ̀lú omi nínú àgbá tí a dé pinpin, kí ooru rẹ̀ gba inú páìpù tó la omi tútù kọjá, kí ó sì máa kán sínú ìgò, níbi tí òróró yóò ti léfòó. Limonene ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí tó ń fọ gírísì kúrò lára irin, tó sì wúlò fún ọṣẹ. Òun nìkan kì í hó títí di ìwọ̀n 176, ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń hó, yóò gbé e dání.

Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni: nínú ọgọ́rùn-ún kílò èèpo, òróró náà lè má ju lítà kan tàbí méjì lọ, ó sì máa ń gbiná. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ gbé àgbá kan ṣoṣo kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà èso, kí wọ́n sì fún ọlọ́sàn kọ̀ọ̀kan ní àpò tí yóò máa kó èèpo sí lọ́tọ̀, nítorí bí ó bá ti dàpọ̀ mọ́ ọ̀rá àti iyẹ̀pẹ̀, kò ṣeé sè mọ́.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.