Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí kókó tí kì í dunni

Ọjà Gbági Tuntun,
Ìbàdàn.
Oṣù Kẹwàá, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kú òtútù o, mo gbọ́ pé ó ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ìlú Ọba. Àwa náà wà níbí. Ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ tà, ṣùgbọ́n a ń jẹ, a ń mu, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú ni kò jẹ́ kí n sùn. O ní wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ láti ilé ìwòsàn pé kí o wá ya àwòrán ọmú tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ ọmú, o ní lẹ́tà náà ti wà lábẹ́ agolo mílíìkì lórí tábìlì láti oṣù kẹfà. Mo bi ọ́ pé kí ló dé. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Kò síbi tó ń dùn mí." Ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun, mo bá ní oníbàárà dé. Kò sí oníbàárà kankan, Àbẹ̀kẹ́. Ohun tí o sọ yẹn gẹ́lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi sọ fún dókítà. N kò lè fi ẹnu sọ ọ́ kí n má sunkún, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi kú, o tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ nígbà ìsìnkú, ṣùgbọ́n n kò sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọ rí. Ẹni ọdún 43 ni wọ́n. Wọ́n ń wẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí wọ ilé ìwẹ̀, wọ́n ní, "Wá fọwọ́ kan ibí wò." Apá òkè ọmú òsì ni, lápá abíyá. Ó le gbagidi, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi èkùrọ́ kan pamọ́ sínú iyán. Mo tì í, kò sún. Mo bi wọ́n bóyá ó ń dùn wọ́n, wọ́n ní kò dùn wọ́n rárá. Àwa méjèèjì mí kanlẹ̀, a dúpẹ́. Mo ṣì máa ń rí ọṣẹ tó ń ṣàn sílẹ̀ lápá wọn bí a ṣe dúró níbẹ̀ tí a ń dúpẹ́ pé kò dunni.

Oṣù 14 ni wọ́n fi gbé e kiri. Wọ́n fi òrí gbígbóná pa á. Wọ́n mu àgbo. Ẹnì kan ní wàrà tó dì sínú ọmú ni, bẹ́ẹ̀ àbígbẹ̀yìn wọn ti wọ ilé ìwé girama nígbà náà. Ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni, wọ́n bá wọnú ààwẹ̀. N kò dá àdúrà lẹ́bi, èmi náà ń gbà á lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n a lè gbà á nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí ọsibítù. Nígbà tó yá, awọ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ihò wínníwínní bí èèpo ọsàn. Orí ọmú sún wọ inú. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dunni, ìgbà náà la sì tó gbé wọn lọ. Dókítà kò pariwo mọ́ wa. Ó kàn rọra béèrè pé, "Mà, kí ló dé tí ẹ ò tètè wá?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kò dùn mí." Jẹjẹrẹ ọmú ni. Ó ti wọ egungun, ó ti dé ẹ̀dọ̀.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ ti bọ́ ni mo fẹ́ kí o mọ̀ báyìí. Jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ọmú tó ń wúwo, tó ń ta ènìyàn bí nǹkan oṣù bá kù díẹ̀ kó dé, ara tó ń yí padà ló sábà máa ń fa ìyẹn. Kókó tó le, tó dákẹ́ síbẹ̀ tí kò yọ ènìyàn lẹ́nu, òun gan-an ló yẹ kó gbé obìnrin dìde lórí ìjókòó. Àwa ti dorí ọ̀rọ̀ yìí kodò láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn nọ́ọ̀sì kan wá sí ọjà wa, wọ́n gbé ọmú rọ́bà dání tí wọ́n ti fi kókó sínú rẹ̀. Wọ́n ní kí kálukú dijú, kó fi ọwọ́ wá a. O mọ àwọn obìnrin Gbági, ẹ̀rín pa gbogbo wa. Nígbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì di ìka mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àárín mú, ó ní kí n má lo ṣóńṣó ìka, kí n lo ibi tó rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ bà á, kí n tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, kí n wá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Mo rí kókó àkọ́kọ́ kíá. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni èkejì wà, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Nígbà tí ìka mi dé orí rẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ìyá oníléèsì tó wà lẹ́yìn mi bi mí pé kí ni mo rí, n kò lè dáhùn.

Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé kì í ṣe ìdánwò tí a ó máa gba máàkì lé lórí. Kí obìnrin mọ bí ọmú rẹ̀ ṣe rí ni, kó lè mọ̀ lọ́jọ́ tó bá yàtọ̀. Ẹni tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, kó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tó bá parí, torí ọmú máa ń rọ̀ nígbà náà. Ẹni tí tirẹ̀ ti dúró lè mú ọjọ́ tó bá wù ú. Fi ojú náà wò ó nínú dígí, gbé apá sókè: bóyá ọ̀kan ti tóbi ju bó ṣe wà lọ, bóyá awọ rẹ̀ hunjọ tàbí ó wọnú níbì kan, bóyá orí ọmú yí padà, tàbí awọ rẹ̀ ń bó bí làpálàpá tí kò lọ, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀. Kí o sì fọwọ́ kan abíyá, torí kókó máa ń so síbẹ̀ náà. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó láti lọ rí dókítà, má dúró de èkejì.

Má sì jẹ́ kí ẹ̀rù kókó pa ọ́ kó tó ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú kókó ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ. Èmi fúnra mi rí ọ̀kan ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n débi pé mo jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo ti wà ní ọsibítù. Wọ́n fi ẹ̀rọ skáànù wò ó, wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, wọ́n fa omi aláwọ̀ ewé ráúráú jáde, kókó náà sì pòórá lábẹ́ ọwọ́ mi. Àpò omi lásán ni. Ká ní kókó tó le ni, wọn ì bá fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, torí kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́ jẹjẹrẹ. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí mo fi délé. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń rò. Ká ní ọjọ́ kẹta ni àwa náà gbé wọn lọ.

Wọ́n ya àwòrán ọmú mi pẹ̀lú. Irin àti ike tútù ni wọ́n fi ń há ọmú láàárín, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dunni díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó kí o ka ení títí dé ogún kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí ni pé ó lè rí ohun tó ṣì kéré jù fún ọwọ́ láti mọ̀. Owó àǹkárá ìdì mẹ́ta ni mo kó lé e. Níbí, kò sí ẹni tó ń kọ lẹ́tà pe obìnrin wá sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lówó ló ń ṣe é. Tìrẹ ni wọ́n fi lẹ́tà pè ọ́ sí, ọ̀fẹ́, o wá gbé agolo mílíìkì lé e.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ yín ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní NHS, ètò ìlera ìjọba lọ́dọ̀ yín, máa ń pe obìnrin láti nǹkan bí ẹni ọdún 50, lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, títí tí yóò fi pé ọdún 71. O ti pé 52. O ní o kò fẹ́ bọ́ra sílẹ̀ níwájú ọkùnrin. Ó ní obìnrin ni gbogbo àwọn tó ń ya àwòrán náà. Ó ní nínú obìnrin 100 tó bá ṣe é, bíi 4 ni wọ́n máa ń pè padà fún àyẹ̀wò sí i, nínú àwọn 4 yẹn, ẹnì kan ni wọ́n máa ń rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀. Nítorí náà bí wọ́n bá pè ọ́ padà, má bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kí o bá dókítà rẹ sọ. Ṣé o rántí àbúrò màmá rẹ tó wà ní Iléṣà? Egbò àyà ni wọ́n sọ fún wa pé ó pa wọ́n, wọn kò sì tíì pé 40 ọdún. Màmá kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, èwo ni egbò àyà? Jẹjẹrẹ ọmú kan máa ń tinú ìdílé wá, ó máa ń bá àbùdá (jíìnì) tí wọ́n ń pè ní BRCA1 àti BRCA2 rìn bí wọ́n bá bàjẹ́, ó sì sábà máa ń mú ènìyàn ní kékeré. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olopade, tí wọ́n kàwé dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn níbí kí wọ́n tó lọ sí Chicago, ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ìwádìí kan tí àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 2018 lórí obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà, BRCA1 tó ti bàjẹ́ wà lára nǹkan bí 7 nínú 100, BRCA2 sì wà lára bíi 4. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìdílé bàbá náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ọkùnrin lè gbé e fún ọmọ. Ọkùnrin pàápàá máa ń ní jẹjẹrẹ ọmú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ju 1 lọ nínú 100 ẹni tó ní in. Sọ ti Iléṣà fún dókítà, má fi pamọ́ torí ìtìjú Màmá.

Ní ti bí a ṣe lè dènà rẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ. Kò sí oògùn kan tí a ó mu tí kò ní dé mọ́. Fífún ọmọ lọ́mú ń dín ewu rẹ̀ kù díẹ̀, bíi ìdá 4 nínú 100 ewu náà fún gbogbo oṣù 12 tí a bá fi fún un. Ọtí ń fi kún un, kódà èyí tó kéré, nítorí náà wáìnì alaalẹ́ tí o ń sọ fún mi yẹn, jọ̀ọ́, dín in kù. Sísanra jù lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró náà ń fi kún un, rírìn àti lílo ara sì ń dín in kù. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n mi fún lọ́mú, wọn kò fi ẹnu kan ọtí rí. Bí ìdajì àwọn tó ń ní in ni kò ní ohun kan tí a lè tọ́ka sí ju pé wọ́n jẹ́ obìnrin, wọ́n sì ti lé ní 40. Àwọn kan ń sọ pé owó tí a ń kì bọ kọ́mú ló fà á. Irọ́ ni. Ọdún mélòó ni mo fi ń wò ó pé kí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe? Wọn kò ṣe nǹkan kan. Ní 2022 nìkan, obìnrin mílíọ̀nù 2.3 ni wọ́n rí i lára wọn káàkiri ayé, 670,000 sì bá a lọ. Gbogbo wọn kò lè jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀.

Àwọn tó sì yè pọ̀. Ìyáàfin Betty Anyanwu-Akeredolu, tí wọ́n wá di ìyàwó gómìnà Oǹdó, ní in ní 1997. Wọ́n gba ìtọ́jú, wọ́n dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà, sílẹ̀ lọ́dún náà kí àwọn obìnrin mìíràn má bàa máa fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní gbangba títí di òní.

Nítorí náà, bí ó bá di ọjọ́ Ajé, gbé agolo yẹn kúrò. Nọ́ńbà wà lórí lẹ́tà náà, pè wọ́n, sọ pé ọjọ́ ti kọjá, wọ́n á fún ọ lọ́jọ́ mìíràn. Lọ́jọ́ tí o bá ń lọ, wọ síkẹ́ẹ̀tì àti bùláòsì, má wọ gáùn, torí apá òkè nìkan ni wàá bọ́. Má fi pọ́dà tàbí ohun tí ń dènà òógùn sí abíyá, ó máa ń yọ nínú àwòrán. Fi ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Màá pè ọ́ láàárọ̀ kí o tó jáde, màá sì tún pè ọ́ nígbà tí o bá délé.

Àdìrẹ tí o béèrè ti wà lọ́wọ́ mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yóò gbé e bọ̀ fún ọ lẹ́yìn Kérésìmesì.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùkẹ́.