Agẹmọ Tí Kò Pa Àwọ̀ Dà: Ẹ̀sùn Lórí Ìwé-Ẹ̀rí Tí Ẹ Tẹ̀ Fún Wa

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Ìtẹ̀wé,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń bójú tó ìwé-ẹ̀rí ní àjọ wa, èmi náà ni mo sì fọwọ́ sí àdéhùn tí a jọ ṣe lórí ìwé-ẹ̀rí 5,000 tí ẹ tẹ̀ fún wa. Mo ti pè yín lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ti fi ímeèlì méjì ránṣẹ́. Èsì tí mo ń rí gbà kò ju “ẹ ní sùúrù, a ń wò ó” lọ. Mo ní kí n kúkú kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tán, kí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ yín má bàa sọ pé òun kò gbọ́.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ọmọbìnrin kan tó gba ìwé-ẹ̀rí lọ́dọ̀ wa mú un lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò níbẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ka ìlànà tí àwa fúnra wa ní kí ẹ tẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà: “Ẹ gbé e fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀ yóò kúrò ní àwọ̀ ewé, yóò di búlúù.” Ó gbé e fì sọ́tùn-ún, ó gbé e fì sósì, ó gbé e lọ sójú fèrèsé. Àwọ̀ ewé ni àwọ̀ ewé ń jẹ́. Ló bá sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé ayédèrú ló gbé wá. Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta kàwé, tó sì yege, ni wọ́n wá ń wò bí ọ̀daràn nítorí tàdáwà tí ẹ̀yin fi tẹ òǹtẹ̀.

Ó gbé ìwé náà padà wá sí ọ́fíìsì wa. N kò fẹ́ sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo mú 20 jáde nínú èyí tí a kò tíì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí, mo ń gbé wọn fì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó yí àwọ̀. Wọ́n ń dán o. N kò ní purọ́ mọ́ yín, wọ́n ń dán yanranyanran. Ṣùgbọ́n dídán kọ́ la sanwó fún.

Ọjọ́ tí aṣojú yín wá bá wa ṣèpàdé, ó fa owó Yúrò 5 yọ nínú àpò rẹ̀, irú èyí tó jáde lọ́dún 2013, ó gbé e fì níwájú gbogbo wa. Nọ́ńbà 5 tó wà lára rẹ̀ kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di búlúù tó jinlẹ̀, ìlà ìmọ́lẹ̀ kan sì ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ní, “Bí èyí ṣe ń ṣe yìí ni tiyín náà yóò máa yí.” Lẹ́yìn náà ló fún wa ní sáńpù ìwé-ẹ̀rí tiwa. Òun náà ń yí. Sáńpù yẹn la wò ká tó fọwọ́ síwèé, ó sì wà lọ́wọ́ wa títí di òní, nínú fáìlì, pẹ̀lú òǹtẹ̀ yín àti déètì lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwa ní ọ́fíìsì ti ń pe tàdáwà yẹn ní agẹmọ.

Ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ yín, mo mọ̀. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti kà nípa rẹ̀, kó lè dá wa lójú pé ọ̀rọ̀ kan náà la jọ ń sọ. Bí epo bá ta sórí omi, tàbí tí ọmọdé bá ń fẹ́ ìfófòó ọṣẹ, oríṣiríṣi àwọ̀ la máa ń rí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó da aró sí i. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ibẹ̀ ló ń ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ kan ta padà láti òkè awọ náà, òmíràn ta padà láti ìsàlẹ̀ rẹ̀; nígbà tí méjèèjì bá pàdé, wọ́n á gbé àwọ̀ kan yọ, wọ́n á pa òmíràn rẹ́. Bí ojú tí a fi ń wò ó bá yí, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn nínú awọ yẹn yí nìyẹn, àwọ̀ náà á sì yí. Ọgbọ́n yìí gan-an ni wọ́n dá sínú tàdáwà agẹmọ ojúlówó. Ègé wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀: aluminium ní àárín, magnesium fluoride tó mọ́ gaara bò ó lókè nísàlẹ̀, chromium tó fẹ́lẹ́ gan-an sì bo ìyẹn. Bí magnesium fluoride yẹn bá ṣe nípọn tó ni yóò sọ àwọ̀ tí a óò rí, nínípọn rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Iṣẹ́ tó ṣòro ni. Nítorí pé ó ṣòro la ṣe fẹ́ ẹ.

Èyí tí ẹ fi tẹ tiwa, lẹ́búlẹ́bú dídán lásán ni, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe káàdì ìkíni lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ń ju ìmọ́lẹ̀ padà, kò sì mọ nǹkan mìíràn í ṣe.

Nígbà tí mo pè yín, ẹni tó gbé fóònù ní iná ọ́fíìsì wa ni kò dára. A gbé e jáde sójú oòrùn. Ó tún ní bóyá a kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e fì ni. Ìyẹn ló bí mi nínú jù lọ. Ẹ̀yin ní agẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ agẹmọ, àbí? Kí ló wá dé tí sáńpù fi ń yí lọ́wọ́ kan náà, lórí tábìlì kan náà, lábẹ́ iná kan náà?

Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo ìyókù wò. Àdéhùn sọ pé lẹ́tà tín-tìn-tín tó yí etí ìwé ká yóò ga ní 0.25 mìlímítà. Mo fi awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10 wò ó. Orúkọ àjọ wa tó yẹ kó tẹ̀lé ara rẹ̀ lọ gbọọrọ kò sí níbẹ̀. Àmì tó-tò-tó ni mo rí: búlúù, pupa, yẹ́lò, dúdú. Ìlà tí a fi àwo ìtẹ̀wé àti tàdáwà kan ṣoṣo tẹ̀ máa ń jáde ní odidi, kì í fọ́ wẹ́wẹ́ báyìí. Ẹni tó bá ti fi awò wo iṣẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì rí yóò mọ ohun tí tó-tò-tó mẹ́rin yẹn ń wí. Ṣé orí ẹ̀rọ ńlá tí ẹ mú wa lọ wò lẹ gbé iṣẹ́ wa sí lóòótọ́, àbí ẹ gbé e fún ẹlòmíràn ṣe?

Iná UV tí wọ́n fi ń yẹ òǹtẹ̀ ìkọ̀kọ̀ wò ńkọ́? Òǹtẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wà níbẹ̀, ó sì ń tàn ní yẹ́lò. Àmọ́ pépà fúnra rẹ̀ ń tàn jù ú lọ. Pépà irú iṣẹ́ yìí kì í ní èròjà tí wọ́n fi ń mú pépà funfun nínú, kó lè ṣókùnkùn lábẹ́ iná UV, kí òǹtẹ̀ lè yọ. Tiyín ń tàn bíi pépà tí a fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Òǹtẹ̀ náà wá dà bí àtùpà tí ẹnì kan tàn lọ́sàn-án gangan. Hologram, àwòrán dídán tó ń yí bí a bá ṣe ń gbé e fì, kò tilẹ̀ yẹ ní sísọ. Àwòrán ayé tí wọ́n kọ “GENUINE” yí ká, tí kò ní orúkọ wa lára, tó ṣí kúrò ní odidi nígbà tí mo fi èékánná fà á, tó sì tún lẹ̀ mọ́ ìwé mìíràn dáadáa. A rí irú rẹ̀ gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á ní ìdì ìdì fún ẹni tó bá fẹ́.

Ohun kan ṣiṣẹ́, n kò ní fi pamọ́: ọ̀rọ̀ “Ẹ̀DÀ” tó yẹ kó jáde bí ẹnikẹ́ni bá ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé náà. Nínú ẹ̀rọ mẹ́ta tí a fi dán an wò, ó hàn ketekete lórí méjì. Ẹni tó ṣe apá ibẹ̀ mọṣẹ́, ẹ bá mi kí i.

Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì àti síkánà, ojú kan ni wọ́n fi ń wo ìwé. Ohun tó bá dúró sójú kan, wọ́n á mú un. Ohun tó bá ń yí bí ọwọ́ ṣe ń yí, wọn kò lè mú ju ìrísí rẹ̀ kan lọ. Ìdí tí a fi sanwó agẹmọ nìyẹn, èyí tí ẹ sì fún wa dúró sójú kan gbọnyin. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ayédèrú gidi, bí èèyàn bá lè pè é bẹ́ẹ̀, dé ọwọ́ wa. Mo tò ó pọ̀ mọ́ ojúlówó méjì, mo ní kí òṣìṣẹ́ wa mẹ́ta mú èyí tí kì í ṣe tiwa. Méjì nínú wọn mú ojúlówó. Aláǹgbá gbogbo ló dakùn délẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú dídán ni ayédèrú náà fi ṣe òǹtẹ̀ tirẹ̀, ó tilẹ̀ dán ju tiyín lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí kò jẹ́ kí n sùn. Ìwé 5,000 la ní kí ẹ tẹ̀, 4,986 ló dé ọwọ́ wa. Ìwé tí ẹ fi tẹ̀ lé ẹrù sọ pé 14 bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ. Kò burú, ìwé a máa bàjẹ́. Níbo wá ni wọ́n wà? Nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú irú iṣẹ́ yín, a kì í da ìwé tó bàjẹ́ sórí ààtàn. A máa ń kà á, a máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, a sì máa ń gé e wẹ́wẹ́ lójú ẹlẹ́rìí. Ẹ kò fi ìwé kankan hàn wá pé ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a ń fẹ́ nìyí. Ẹ tún gbogbo 5,000 tẹ̀ pẹ̀lú tàdáwà àti pépà tí ẹ fi ṣe sáńpù, láìgba owó kankan lé e. Kí ẹ tó gbé e sórí ẹ̀rọ, ẹ fi ìwé ẹni tó ta tàdáwà náà fún yín hàn wá, kí ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ wa sì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tẹ 100 àkọ́kọ́. Èyí tó kù nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa jẹ́ 4,374. A óò dá a padà, ṣùgbọ́n ojú wa ni ẹ óò ti gé e, ní nọ́ńbà nọ́ńbà, pẹ̀lú 14 yẹn. Ní ti 612 tó ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ẹ̀yin lẹ óò san owó gbígbà wọn padà àti owó fífi tuntun ránṣẹ́. Èyí tí kò sì ṣe é dúnàádúrà ni pé kí ẹ kọ lẹ́tà kan, tí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí, pé ọ̀dọ̀ yín ni àṣìṣe ti wá, kí ọmọbìnrin yẹn lè mú un lọ bá àwọn tó lé e padà. Lẹ́tà yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí, láàárín ọjọ́ 7. Ìyókù, ẹ ní ọjọ́ 21. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, agbẹjọ́rò àjọ wa ni yóò máa bá yín sọ̀rọ̀.

Mo gbọ́ pé aṣojú yín ní kí a fi sáńpù náà ránṣẹ́ padà “fún àyẹ̀wò.” Kò ní kúrò ní ọ́fíìsì wa. Ẹni tí ẹ bá rán wá lè jókòó sídìí rẹ̀, ó lè gbé e fì títí ọwọ́ á fi máa ro ó, ṣùgbọ́n kò ní mú un lọ.

Èmi ni,
Akọ̀wé Ẹ̀ka Ìwé-Ẹ̀rí