Lẹ́tà sí Bàbá Ìbejì: ohùn Màmá ṣì wà nínú láptọ́ọ̀pù àtijọ́

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Alẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù o. Ṣé àwọn ìbejì ń ṣe dáadáa? Ìyá wọn ńkọ́? Bá mi kí wọn gan-an. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ níbí, láàárọ̀ a kì í rí orí Òkè Olósùnta mọ́ àfi bí oòrùn bá yọ dáadáa. Ara gbogbo wa le, àwọn ará ilé yín náà ń kí ọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kí n bá ọ wá fídíò ìsìnkú Bàbá, èyí tí Màmá ti kọ orin alámọ̀, torí pé àwọn ìbejì ò gbọ́ ohùn ìyá-bàbá wọn rí. O tún ní láptọ́ọ̀pù tí o gbé kúrò nílé lọ sí Kánádà ti di òkú, pé láti ìgbà tí ètò tí o fi ń wo fídíò ti gba update, bí o bá ti tẹ fídíò kan báyìí, á pa ara rẹ̀ dé, àti pé ó ti ń ṣe ọ́ bíi kí o gbé e jù sí ààtàn. Jọ̀wọ́, má gbé e jù. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí èmi níbí ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lórí fídíò Màmá gan-an, mo sì ti rí ìdí rẹ̀.

O rántí láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ fídíò nígbà yẹn, dúdú tí bọ́tìnì lẹ́tà E rẹ̀ ti re. Core 2 Duo ni processor rẹ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 2, Windows 7 ló sì wà nínú rẹ̀ títí di òní. Ọdún 2011 tí mo gbé kámẹ́rà lọ síbi ìsìnkú Bàbá, inú rẹ̀ ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí. Mo gbé e jáde, mo nu eruku ara rẹ̀, mo kì í bọ iná, ó tàn. Àkọ́bí mi so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀ kí ó lè wo nǹkan kan. Ètò fídíò náà bi í pé ṣé kí òun gba update, ọmọ tẹ bẹ́ẹ̀ ni. N kò bá a wí, èmi náà ì bá tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo wá ṣí fídíò Màmá, mo rí abẹ́ àtíbàbà, mo rí etí gèlè kan, kí n tó pajú dé, gbogbo rẹ̀ ti dúdú, wọ́n sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ètò náà "has stopped working". Mo tún un tẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá. Bákan náà. Àyà mi já, Bàbá Ìbejì. Mo rò pé fídíò ló bàjẹ́. Ọdún kẹta rèé tí Màmá ti lọ, n kò sì mọ ibòmíràn tí ohùn wọn wà.

Mo gbé e lọ sí Adó, lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tíì wò ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ní kò sí ohun tí òun lè ṣe ju kí òun fọ́ọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn ni kí òun nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò, kí òun gbé Windows mìíràn sí i. Mo ní fídíò tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ó ní òun á wò ó bóyá òun lè yọ ọ́. "Bóyá" yẹn ni mo gbọ́ tí mo fi gbé láptọ́ọ̀pù mi mọ́ abíyá, mo wọkọ̀ padà sí Ìkẹ́rẹ́. Inú bí mi. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísinsìnyí, fọ́ọ́máàtì ni wọ́n fi ń dáhùn gbogbo ìbéèrè. Kì í ṣe pé wọn ò mọṣẹ́, òun ló yá jù ni. Ṣùgbọ́n ohùn ìyá ènìyàn kì í ṣe nǹkan tí à ń fi "bóyá" yọ.

Nígbà tí mo délé, n kò fọwọ́ kan ètò náà rárá. Mo ki fláàṣì bọ láptọ́ọ̀pù, mo da fídíò náà kọ sínú rẹ̀, mo tún da á kọ sínú fláàṣì kejì, mo kó ọ̀kan fún ìyàwó mi kí ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí aṣọ. Ìwọ náà, ṣe bẹ́ẹ̀ kí o tó tẹ ohunkóhun lórí tìrẹ. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e sórí fóònù mi, mo fi VLC, ètò kan tí a fi ń wo fídíò, ṣí i níbẹ̀. Àwòrán yọ, ohùn yọ. Mo jókòó sílẹ̀, mo mí kanlẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe fídíò. Ètò tó ń ṣí i ni kò lè rìn lórí ẹ̀rọ náà mọ́.

O lè bi mí pé, bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, kí ni mo tún ń wá lórí láptọ́ọ̀pù? Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ, ìwúyè, iṣẹ́ ọdún mélòó kan ló wà níbẹ̀. Àwọn ará ìlú ṣì máa ń wá bi mí léèrè. N kò lè máa sọ fún wọn pé ó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò ṣeé wò.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀díẹ̀. Mo ṣí orin ìjọ kan tó jẹ́ ohùn lásán, mp3, ó kọ ọ́ dé òpin. Mo ṣí fídíò ìgbéyàwó kan, ó kú. Ìyẹn ló kọ́kọ́ là mí lójú: ohùn ń lọ, àwòrán ni kò gbà. Mo tún rántí pé nígbà mìíràn, ètò tuntun máa ń ka àwọn ohun tí ẹ̀dà àtijọ́ ti kọ sílẹ̀, kí ó má sì yé e. Mo tẹ %appdata% sí ibi tí a fi ń wá nǹkan ní Start, mo rí fódà ètò náà níbẹ̀, mo yí orúkọ rẹ̀ padà. N kò pa á rẹ́, kí n lè dá a padà bí mo bá fẹ́. Mo tún ètò náà ṣí. Ó kú síbẹ̀.

Àṣé Windows fúnra rẹ̀ ti kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Tẹ eventvwr sí Start, tẹ Enter. Ṣí Windows Logs, kí o ṣí Application, kí o wá ibi tí àmì pupa Error wà ní déédéé àsìkò tí ètò náà kú. Nínú rẹ̀ ni ìlà kan wà tí wọ́n kọ "Faulting module name" sí: fáìlì tí ètò náà kú sí lọ́wọ́ nìyẹn. Lórí tèmi, igdumd32.dll ni, driver àwòrán Intel. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni "Exception code: 0xc0000005", ìyẹn ni pé nǹkan kan na ọwọ́ sí ibi tí kò yẹ kó dé nínú mẹ́mórì.

Bí ó ṣe yé mi rèé. Wọ́n ti fún fídíò pọ̀ kó tó wọ inú fáìlì, nǹkan kan sì gbọ́dọ̀ tú u kí ojú wa tó lè rí i. Tẹ́lẹ̀, processor ló ń dá tú u. Àwọn ètò tuntun kì í fẹ́ kí processor ṣe làálàá yẹn mọ́, wọ́n á gbé e fún ẹ̀rọ àwòrán, torí pé lórí kọ̀ǹpútà tuntun ó yá, kì í sì í jẹ bátìrì púpọ̀. Hardware-accelerated decoding ni wọ́n ń pè é. Driver ló ń gbọ̀fọ̀ láàárín ètò àti ẹ̀rọ àwòrán, driver tèmi sì ti dàgbà, kò sí tuntun fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Windows 7 pàápàá, Microsoft ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020. Update yẹn wá dà bí àlejò tó gbé iṣu jíjinná sínú odó nílé onílé, tó na ọwọ́ sẹ́yìn láti mú ọmọ odó láìbojú wẹ̀yìn. Nílé tirẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọ odó máa ń wà. Níbí, ọwọ́ rẹ̀ kò ba nǹkan kan.

Mo ṣí ètò náà láìfún un ní fídíò kankan. Kì í kú bẹ́ẹ̀. Mo tẹ Ctrl àti P pọ̀, Preferences yọ. Mo wá ibi tí wọ́n kọ Hardware-accelerated decoding sí (orúkọ rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ lórí tìrẹ), "Automatic" ló wà níwájú rẹ̀, mo yí i sí "Disable". Mo tẹ Save, mo pa ètò náà dé, mo tún un ṣí. Fídíò Màmá bẹ̀rẹ̀! Mo pariwo, ìyàwó mi sáré wá láti ìdí ààrò. A jọ wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo ní kí n sọ ọ́ di ńlá kó kún ojú kọ̀ǹpútà, ó sì tún kú mọ́ wa lójú.

Ó dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo padà sí Event Viewer, driver yẹn náà ni. Ìgbà náà ló tó yé mi pé iṣẹ́ méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti gba títú fídíò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ló ṣì ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Mo padà sí Preferences, níbi Video, mo yí Output kúrò ní Automatic. Mo dán Direct3D9 wò, ó kú. Mo dán OpenGL wò, ojú rẹ̀ dúdú, ohùn nìkan ni mo gbọ́. DirectDraw, tó ti dàgbà gan-an, ló gbà. Bí mo bá sọ àwòrán di ńlá, etí rẹ̀ máa ń rí ṣákaṣàka díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú. Títí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, kò tíì kú. Processor ló ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe báyìí, nítorí náà ó ń gbóná. Mo gbé láptọ́ọ̀pù náà lé orí pákó, mo sì fi búrọ́ṣì kékeré yọ eruku tó dí ihò fáànù rẹ̀. Eruku náà ti wé mọ́ra bí òwú.

Lórí tìrẹ, ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wo Exception code yẹn dáadáa. Bí ó bá jẹ́ 0xc000001d lo rí, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: wọ́n pàṣẹ fún processor lédè tí kò gbọ́ rí. Àwọn àṣẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní AVX. Ọdún 2011 ni Intel bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú processor wọn, Core 2 Duo kò ní in. Ètò tí wọ́n bá kọ mọ́ AVX nìkan, kò sí ohun tí o fẹ́ yí ní Preferences tó máa gbà á. Yọ ọ́ kúrò, kí o padà sí ẹ̀dà tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe ètò náà gan-an ni kí o ti wá a, má ṣe tẹ àwọn bọ́tìnì Download gbàràmù-gbaramu tí ń kó fáírọ́ọ̀sì bá ènìyàn. Bí èyí tí o ní kò bá ní ẹ̀dà àtijọ́, gba VLC. Ẹ̀dà 3.0 rẹ̀ ṣì ń rìn lórí Windows XP pàápàá, wọ́n sì kó àwọn ẹ̀dà àtijọ́ síta fún gbogbo ayé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Paris ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún 1996, ọ̀fẹ́ ni títí di òní. Mo máa ń ṣàdúrà fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, pa ìbéèrè update mọ́ ọn lẹ́nu, má sì fi láptọ́ọ̀pù yẹn ṣe nǹkan báǹkì kankan.

Nǹkan kan tún kù. Fídíò àwọn ìbejì tí o fi iPhone yà ránṣẹ́ sí mi, ohùn wọn yọ lórí láptọ́ọ̀pù mi, ṣùgbọ́n àwòrán ń já, ó ń dúró. HEVC ni wọ́n fi fún un pọ̀, ọdún 2013 ni èyí jáde, ó wúwo jù fún processor àgbà. Lọ sí Settings, Camera, Formats, kí o yan "Most Compatible". H.264, ọ̀nà ìfúnpọ̀ tó ti wà ṣáájú HEVC, ni yóò máa fi yà á láti ìgbà náà lọ. Jọ̀wọ́, tún òmíràn yà fún mi, mo fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń rìn.

Màmá wọ òfì nínú fídíò náà. Wọ́n ti gèlè sókè kúrò létí ọ̀tún, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ dá orin. Wọ́n dá a lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dákẹ́, wọ́n yíjú wo àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn wọn títí tí gbogbo wọn fi gbè é. Níbi tí wọ́n ti ń ki Bàbá, mo gbọ́ tí wọ́n pe ilé ní "ulé", bí àwa náà ṣe ń pè é kí ilé-ìwé tó gbà á lẹ́nu wa. Ìwọ náà wà níbẹ̀, ìwọ lo di Màmá lápá mú nígbà tí wọ́n ń padà síbi ìjókòó. Ìyàwó mi sunkún. Èmi náà sunkún.

Ìṣẹ́jú 31 ni gbogbo rẹ̀, ó tó gígábáìtì 2. Orí fóònù ni mo ti ń gbé e sórí Google Drive lóru, torí pé lóru ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yá. Àná ó ti ju ìdajì lọ kí ó tó já, màá tún gbé e lálẹ́ yìí. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, fetí sí ìṣẹ́jú 14. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ìlù bò mọ́lẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà méje, n kò mọ̀ bóyá orúkọ ìyá Bàbá ni àbí orúkọ oko yín. Ìwọ lo mọ oríkì ilé yín. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi wé fláàṣì tó wà nínú àpótí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bàbá Dámilọ́lá