Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Táyà Ń Ha Fẹ́ńdà Tí Ẹ Bá Mi Ṣe, Etí Fẹ́ńdà Ẹ̀yìn Sì Ti Là

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀sùn ni mo mú wá lórí fẹ́ńdà ọkọ̀ mi (páànù tó bo táyà) tí àwọn òṣìṣẹ́ yín tún ṣe kí táyà tó fẹ̀ lè wọ̀ ọ́. Táyà 205/55R16 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 225/50R16 sì ni a jọ fẹnu kò sí (nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú táyà ní mìlímítà). Gíga méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìbú nìkan ni wàhálà.

Rímù tí ẹ tà fún mi, ET35 ni. ET45 ni ti tẹ́lẹ̀. ET ni iye mìlímítà tó wà láàárín ojú ibi tí wọ́n ti ń de rímù mọ́ ọkọ̀ àti àárín ìbú rímù. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń kéré sí i ni wíìlì ń yọ síta sí i. Táyà tuntun fi mìlímítà 20 fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ó fi ìdajì rẹ̀, mìlímítà 10, yọ síta, rímù tún fi mìlímítà 10 tì í. Ogún ni wọ́n jẹ́, àyè tí ẹ ṣe sílẹ̀ lábẹ́ fẹ́ńdà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju mẹ́wàá lọ. Kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní há? Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú, nínú ọkọ̀ òfìfo, lẹ ti wọ̀n ọ́n. Bí èèyàn mẹ́ta bá jókòó sẹ́yìn, tí ọkọ̀ sì kó sí kòtò, etí fẹ́ńdà á máa fá èjìká táyà. Ó ti fá ojú ìlà yípo rẹ̀, èékánná ń wọ inú ìlà náà.

Òòlù lẹ fi tẹ etí fẹ́ńdà iwájú nígbà tó tutù, ọ̀dà sì ti ń bó. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ họ́ọ̀bù (ibi tí wọ́n ń de wíìlì mọ́) ló yẹ kẹ́ ẹ fi yí i díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi atẹ́gùn gbígbóná mú ọ̀dà rọ̀.

Ti ẹ̀yìn ló burú jù. Páànù méjì tí wọ́n jó pọ̀ ni etí fẹ́ńdà ibẹ̀. Ẹ gé e, ẹ ò jó o padà, fíllà, ìyẹn ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún, lẹ kàn rọ́ sí i. Fíllà kì í so irin pọ̀. Ó ti là báyìí, omi àti ẹrẹ̀ ń wọ àárín páànù méjèèjì, ó sì ti ń dípẹtà. Òṣìṣẹ́ yín tún ní kí n fẹ́ táyà le sí i, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń dín ìbú táyà kù!

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ẹ gba rímù yín, kí ẹ fún mi ní ET45, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo àyè tó wà láàárín táyà àti ṣọ́ọ̀kì nínú. Ẹ ha fíllà kúrò, ẹ jó páànù méjèèjì pọ̀, ẹ fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà kùn ún, ẹ dí ojú ìsopọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi ọ̀dà ọkọ̀ lé e. Ẹ pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ fún mi, ẹ yọ sípíríǹgì, ẹ fi jáàkì gbé wíìlì dókè pátápátá, ẹ yí sítíárìn dópin lápá méjèèjì níṣojú mi. Mìlímítà 5 ni àyè tó kéré jù tí mo lè gbà.

Mo fún yín ní ọjọ́ 14. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá owó iṣẹ́ àti owó rímù padà.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.